Géèmù ń lọ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15: ibo ni kí a ti kọ́kọ́ wò?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni mo fi ń gbá géèmù, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. CPU rẹ̀ ni Core i5-7200U, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, GPU rẹ̀ sì ni NVIDIA 940MX oní 2 GB. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, géèmù eré ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn máa ń fún mi ní bíi férémù 45 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní báyìí, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, á dára, àmọ́ kò ní ju ìṣẹ́jú 15 lọ tí á fi já sí 18 tàbí 20, ọkọ̀ á wá máa ta gìrì lójú títì. Mo ti pa àwọn fáìlì tí n kò lò mọ́, mo ti lo áàpù tó ní òun ń mú géèmù yára, mo sì ti fa gbogbo ètò àwòrán wálẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi RAM kún un, ẹlòmíì ní kí n pa Windows rẹ́ kí n tún un gbé sí i. Èwo ni kí n ṣe nínú rẹ̀, àbí ó ti di kí n ra òmíràn?"

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ kan ló ṣe pàtàkì jù, ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni ń kọjá lọ: pé géèmù náà máa ń dára tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò ká géèmù kan, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni á ti máa wọ́. Èyí tí RAM rẹ̀ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) kò tó máa ń ta gìrì nígbàkígbà tí ẹ bá wọ ibi tuntun nínú géèmù, á sì tún dúró dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 45, tó rọ̀ sí 20 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, tó sì tún padà dára lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá tan án ní tútù, ooru ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ pé kí ẹ ra ohunkóhun lónìí, n kò sì ní ní kí ẹ pa Windows rẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é ná. Ìrọ̀lẹ́ kan tó fún àyẹ̀wò náà, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa dé ìdí, férémù kan jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà yà tán látòkèdélẹ̀. Tí ẹ bá ń rí 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a jẹ́ pé ó ń parí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7. Ní 45, ó ń lo bíi 22. Ní 20, ó ń lo 50, ojú sì máa ń rí i kedere. Ọwọ́ méjì ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá. CPU ló ń ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà, ohun tó kọ lu ohun, àti ohun tí àwọn alátakò fẹ́ ṣe. Òun ló wá ń pàṣẹ fún GPU pé kó kun ún sójú síkíríìnì. Èyí tó bá lọ́ra nínú àwọn méjèèjì ni èkejì á máa dúró dè. Bí ẹ bá sọ èyí tó yára di alágbára ní ìlọ́po méjì, iye férémù kò ní fi ẹyọ kan lé. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò: wọ́n ń tún apá ibi tí kò dùn wọ́n ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà. Tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọkọ̀ tiyín àti títì tó wà níwájú yín á máa lọ geere, ọkọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń gbá a láti ibòmíràn ni á máa fò kiri. Tó bá jẹ́ férémù ló kéré, gbogbo ojú síkíríìnì ló ń ta gìrì, kódà tí ẹ bá ń dá gbá a tí ẹ sì ti pa íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá wo bí ooru ṣe ń ṣe é. i5-7200U, CPU yín, ní core 2 (core ni ẹ̀yà inú CPU tó ń ṣe ìṣirò). Ìyára tó wà fún un ní gbogbo ìgbà ni 2.5 GHz, ó sì lè gun òkè dé 3.1 GHz tí àyè bá gbà á. Watt 15 péré ni wọ́n ṣe é láti máa lò. Tí ooru inú rẹ̀ bá ti ń kan dígírì 100, òun fúnra rẹ̀ á dín ìyára kù kó má bàa jó. Ààbò lèyí, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. GPU náà ní irú ààbò yìí, ààlà tirẹ̀ sì sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti CPU lọ. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká irú tiyín, páìpù bàbà kan náà àti fáànù kan náà ló ń gbé ooru àwọn méjèèjì jáde. Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé tàbí ń wo fíìmù, GPU náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, nítorí náà páìpù ọ̀hún tó wọn. Ìgbà tí géèmù bá dé ni àwọn méjèèjì ń da ooru lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbà, irin àti ara kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ máa fa ooru náà mu; ohun tó ń jẹ́ kí ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ dára nìyẹn. Tí gbogbo wọn bá ti gbóná tán, ẹnu ihò tí fáànù ń fẹ́ sí nìkan ló kù fún ooru láti gbà jáde. Tí eruku bá ti dí ihò yẹn, ìyára á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. HWiNFO jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́; ẹ ṣí i, kí ẹ yan Sensors-only. Ẹ fi ṣájà sí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e sórí tábìlì tó le, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì tàbí itan. Nínú HWiNFO, ẹ tẹ ìlà ìwọ̀n ooru CPU lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà ìyára core pẹ̀lú. Àwòrán kékeré tó ń yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ sókè sódò á ṣí. Ẹ wá gbá géèmù náà fún ìṣẹ́jú 20, ní títì kan náà, kí ohun tí ẹ ń wọ̀n má yí padà. Nígbà tí ẹ bá padà wò ó, tí ooru bá ti lọ kọjá 95, tí ìyára sì ti wálẹ̀ láti 3 GHz sí bíi 1.5 ní àsìkò kan náà tí géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí ìlà tí wọ́n pè ní Thermal Throttling sì kọ Yes, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ má gbé ìdájọ́ ka òpó Minimum nìkan o, torí ìyára máa ń wálẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi náà. Ohun kan tún wà tí ọwọ́ lè sọ fún yín. Bí géèmù ṣe ń wọ́ yẹn, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Tí atẹ́gùn bá gbóná gan-an àmọ́ tí kò lágbára, eruku tàbí fáànù ni. Tó bá ń fẹ́ dáadáa àmọ́ tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí CPU wà ní 97, a jẹ́ pé ooru kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ fáànù: ìpara tó wà láàárín CPU àti bàbà, èyí tí wọ́n ń pè ní thermal paste, ti gbẹ.

Tó bá wá jẹ́ pé ooru kò ju 70 lọ síbẹ̀ tí ìyára ń já, iná ni kí ẹ lọ wò. Ṣájà tí watt rẹ̀ kéré sí ti èyí tó bá a wá, tàbí èyí tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀, lè mú kí CPU máa rìn ní ìyára tó kéré jù lọ, ẹ ò sì ní rí ìkìlọ̀ kankan lójú síkíríìnì. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà tí bátìrì bá ti kú pátápátá, nítorí wọ́n máa ń yá iná díẹ̀ lára bátìrì nígbà tí géèmù bá béèrè jù. Ẹ fi watt tó wà lára ṣájà wé èyí tí wọ́n kọ sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ sì rí i pé Windows kò wà ní ipò tó ń fi bátìrì pamọ́.

Ká ní ooru ni, ó di kí ẹ ṣí i. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ Shut down, kó lè kú tán, ẹ yọ ṣájà, ẹ tú àwọn ìdè (screw) ìdí rẹ̀. Ìdè wọ̀nyí kì í gùn bákan náà. Ẹ ya àwòrán ìdí kọ̀ǹpútà sórí ìwé kí ẹ máa to ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ààyè rẹ̀, torí èyí tó gùn jù tí ẹ bá wé sí ihò kúkúrú lè gún nǹkan inú. Ike pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi yọ ìdérí, ẹ má fi ọ̀bẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa fọwọ́ kàn nínú ibẹ̀ ni wáyà bátìrì: ẹ yọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Tí bátìrì bá ti wú, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n pààrọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tú fáànù. Láàárín fáànù àti àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ihò ni eruku máa ń kó sí, á ti fún pọ̀ bí aṣọ òtútù kékeré kan, ẹ sì lè ká a kúrò lódindi. Láti ìta, ẹ ò lè rí i rárá. Ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn gba ẹnu ihò wọlé, ńṣe ló ń tì í padà sínú fáànù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ìyókù, tí ẹ bá sì fẹ́ fi atẹ́gùn inú agolo fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Tó bá ń yí lódì lódì ní ìyára tó kọjá tirẹ̀, ìdí rẹ̀ á bàjẹ́.

Thermal paste ló gba sùúrù jù. Nọ́mbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìdè tó di páìpù bàbà mọ́ bọ́ọ̀dù, láti 1 lọ sókè. Ẹ tú wọn láti èyí tó tóbi jù padà sí 1, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kí ẹ tú ọ̀kan tán kó tó kan èkejì. Tí bàbà bá dìde, ẹ ó rí ìpara àtijọ́: èyí tó ti gbẹ á rí bí ẹfun, á máa fọ́ wẹ́wẹ́, ihò á sì wà nínú rẹ̀ níbi tí bàbà kò ti kan ohunkóhun mọ́. Ẹ fi aṣọ tí kì í yọ òwú àti isopropyl alcohol tó tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nù ún kúrò lára CPU, lára GPU àti lára bàbà, títí tí ojú wọn á fi máa dán. Kò sí ìdérí irin lórí CPU kọ̀ǹpútà alágbèéká yìí, dígí dúdú tó hàn yẹn ni CPU fúnra rẹ̀, igun rẹ̀ sì lè fọ́, nítorí náà ẹ rọra. Ìpara tuntun tó tó hóró ìrẹsì kan ló tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kó bo ojú dígí náà tán. Tí ẹ bá rí ohun rírọ̀ bíi rọ́bà lórí àwọn ègé kékeré tó yí GPU ká, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má fi ìpara rọ́pò rẹ̀, torí àlàfo ibẹ̀ jìn ju ohun tí ìpara lè dí lọ. Ẹ wá dè é padà, láti 1 lọ sókè, díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe tú u. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kì í ṣòro kí ooru fi dígírì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Tí ọwọ́ yín kò bá balẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí ẹ sì sọ fún un ní pàtó pé ẹ fẹ́ kó nu inú fáànù kó sì pààrọ̀ ìpara, torí àwọn kan á kàn fẹ́ atẹ́gùn sí i ni.

Kí ẹ tó rí àyè ṣí i, nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe lónìí. Ẹ wọ Control Panel, Power Options, ẹ ṣí àwọn ètò tó jinlẹ̀, kí ẹ sì gbé Maximum processor state láti 100 sí 99. Ìdá kan péré yẹn ń pa agbára tí CPU fi ń gun òkè kọjá 2.5 GHz. Ó lè dà bíi pé ẹ ń lọ sẹ́yìn. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé páìpù kan náà ni CPU àti GPU ń lò, ooru tí CPU kò dá mọ́ á di àyè fún GPU, 2.5 tó dúró sójú kan sì dára púpọ̀ ju 3.1 tó ń já sí 1.5 lọ. Tí kò bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Bákan náà ni kí ẹ fi òté lé iye férémù. Tí kọ̀ǹpútà bá lè fún yín ní 35 sí 45, ẹ dá a dúró sí 30 nínú NVIDIA Control Panel, níbi tí wọ́n kọ Max Frame Rate sí, tàbí nínú géèmù fúnra rẹ̀. Lórí síkíríìnì 60 Hz (èyí tó ń tún àwòrán fi hàn nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), 30 pín geere: àwòrán kọ̀ọ̀kan ń dúró fún ìgbà méjì gẹ́lẹ́. 40 kò pín bẹ́ẹ̀. Òmíràn á dúró lẹ́ẹ̀kan, òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì ni ojú ń rí bí ìtagìrì. Láàárín férémù kan sí èkejì, CPU àti GPU á tún rí àyè sinmi, ooru á sì rọlẹ̀. Nínú eré ọkọ̀, 30 tí kò mì máa ń rọrùn láti wakọ̀ pẹ̀lú ju 45 tó ń já sí 20 ní kọ́nà lọ.

Ní ti áàpù tó ní òun ń mú géèmù yára, ẹ yọ ọ́. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni kí wọ́n pa àwọn áàpù mìíràn, èyí tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, tàbí kí wọ́n tú RAM sílẹ̀, tí Windows á wá tún máa fa àwọn nǹkan náà padà láti inú díìsìkì, tí ìtagìrì á sì pọ̀ sí i. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Fáìlì tí ẹ pa rẹ́ náà kò kan férémù, àfi tí díìsìkì bá ti kún débi pé Windows kò rí ibi mí. Ẹ má sì tẹ̀ lé àwọn tó ń ní kí ẹ wọ msconfig lọ yan iye core: gbogbo core ni Windows ń lò láìjẹ́ pé ẹ yan ohunkóhun.

Ìdí tí fífa gbogbo ètò àwòrán wálẹ̀ kò fi ràn yín lọ́wọ́ tún bá ohun tí mo sọ nípa CPU àti GPU mu. Òjìji, àwòrán inú omi àti inú dígí ọkọ̀, kùrukùru, àti ohun tó ń mú etí nǹkan dán, ọrùn GPU ni gbogbo wọn wà. Iye ọkọ̀ tó wà nínú eré, iye èrò ìwòran àti bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó, ti CPU ni àwọn yẹn ní pàtàkì. Tí CPU bá ti gbóná tó ń rìn ní 1.5 GHz, ẹ lè mú òjìji kúrò pátápátá, géèmù á kàn burẹ́wà ni, kò ní yára. Ẹ fi resolution (iye àmì tó para pọ̀ di àwòrán ojú síkíríìnì) dán an wò lẹ́yìn tí ooru bá ti kúrò: ẹ gbé e láti 1920x1080 sí 1280x720. Iye àmì tí GPU ń kùn á já láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 2 sí 921,600. Tí férémù bá fò sókè, GPU ló ń dá yín dúró. Ẹ dín òjìji, kùrukùru àti àwòrán inú dígí kù, kí ẹ sì lo FSR (ètò tó ń jẹ́ kí GPU ya àwòrán kékeré, kó tó fẹ̀ ẹ́ sí i) tí géèmù náà bá ní in. AMD ló ṣe FSR, àmọ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó jáde ní 2021 ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì NVIDIA irú tiyín náà. DLSS, irú rẹ̀ tí NVIDIA ṣe, kò ní ṣiṣẹ́, káàdì RTX nìkan ló wà fún. Tí férémù kò bá gòkè, CPU ni. Ẹ dá resolution padà, ẹ dín iye ọkọ̀ àti jíjìnnà ojú kù. Ẹ má jẹ́ kí Task Manager tàn yín jẹ níbí o. Ó lè kọ pé CPU wà ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí core kan ti kún dé ẹnu; ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán CPU náà, kí ẹ yan Logical processors, ẹ ó rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Texture (àwòrán tó bo ara ọkọ̀, títì àti ilé) yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Inú 2 GB tó wà lára 940MX ni wọ́n ń kó sí. Níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ kò bá kún, texture tó dára kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú férémù kankan lọ. Tó bá kún, GPU á bẹ̀rẹ̀ sí í yá RAM lò, gìrì á sì dé lójijì. HWiNFO ń fi iye tó ti kún hàn. Ẹ sì rí i dájú pé 940MX gan-an ni géèmù ń lò, torí kọ̀ǹpútà yín ní GPU méjì: ti Intel tó wà nínú CPU, àti ti NVIDIA. Ní Settings, System, Display, Graphics, ẹ fi géèmù náà kún àkọsílẹ̀, kí ẹ yan High performance. Driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo GPU) 580 ni ìran tó kẹ́yìn tí NVIDIA ṣe fún àwọn géèmù lórí káàdì ọjọ́ orí yìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, àtúnṣe ààbò nìkan ló kù fún un. Fún géèmù tí ẹ ti ń gbá látijọ́, kò dí yín lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ yín tó sọ̀rọ̀ RAM kò sọ̀rọ̀ òfo, àmọ́ ó yẹ kí ẹ wò ó kí ẹ tó ná owó. Ẹ ṣí Task Manager, Performance, Memory, nígbà tí géèmù wà ní ṣíṣí. Tí 8 GB náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, tí iná díìsìkì sì ń tàn láìdáwọ́ dúró, RAM á ràn yín lọ́wọ́, pàápàá lórí ìtagìrì. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Tó bá jẹ́ 1 nínú 2, ọ̀nà kan péré ni CPU ń gbà bá RAM sọ̀rọ̀. 4 GB méjì ń yára ju 8 GB ẹyọ kan lọ. Ẹni tó ń fi GPU inú CPU nìkan gbá géèmù ló máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ jù, torí inú RAM ni GPU yẹn ń gbé. Tiyín ní 2 GB ti ara rẹ̀, nítorí náà ẹ má retí púpọ̀. SSD (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) nípò díìsìkì tó ń yí á gé àkókò tí géèmù fi ń ṣí, á sì dín gìrì kù níbi tuntun, àmọ́ 20 tó ti inú ooru wá, ibi tó wà náà ló máa wà.

Pípa Windows rẹ́, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ àfi tí Task Manager bá fi hàn pé ohun kan tí ẹ kò mọ̀ ń jẹ CPU nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ kan gbáko ló ń gbà, kò sì lè nu eruku. Ẹ pa àwọn áàpù tó ń bá kọ̀ǹpútà jí ní Startup apps, ẹ pa ètò tó ń gba fídíò géèmù sílẹ̀ láìsọ fún yín nínú Captures, ó tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé Windows 10 kò gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ lásán mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, i5-7200U kò sì sí lára CPU tí Microsoft kọ sílẹ̀ fún Windows 11. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ férémù, àmọ́ ó lè jẹ́ òun gan-an ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa ra òmíràn.

Ní ti rírà: CPU àti GPU yín ni wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí èyí tí ẹ lè yọ fi òmíràn sí. Bí ẹ bá ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán, 45 ọjọ́ tuntun ni ẹ ń wá padà, kò lè di 90. Géèmù tuntun tó ń béèrè core 4 tàbí 6 àti káàdì oní 6 GB, kò sí ètò tó máa mú kọ̀ǹpútà yìí gbé e. Tó bá jẹ́ pé géèmù eré ọkọ̀ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ́ yín lọ́rùn, ìmọ́tótó àti ìpara ti tó. Ẹni tó ń ka èyí tó sì ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní àǹfààní tó ju tiyín lọ. Kó kọ́kọ́ wò bóyá ara káàdì ni wáyà síkíríìnì wà, kì í ṣe ara bọ́ọ̀dù, torí àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ gan-an. Tó bá wá fẹ́ pààrọ̀ káàdì, kó rántí pé watt 75 ni ihò PCIe (ibi tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lára bọ́ọ̀dù) lè fún un. Ọ̀pọ̀ GTX 1050 Ti ń lò ó láìgba wáyà iná mìíràn, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti inú àpótí iná, kó sì wọn gígùn rẹ̀ kó tó sanwó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu fáànù tí ẹ sì ti fi ìpara tuntun sí i, ẹ tún àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 20 yẹn ṣe lórí títì kan náà, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Tí CPU bá ṣì ń dé 97 láàárín ìṣẹ́jú méjì, tí atẹ́gùn tó ń jáde sì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí i padà láti rí i pé bàbà jókòó dáadáa, pé kò sí ìdè tí ẹ gbàgbé. Tí ìyẹn bá pé, páìpù náà ló ti kú: omi díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ooru ti jò jáde, kò sì sí àtúnṣe fún un. Ẹ pààrọ̀ òun àti fáànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́mbà tó wà lára èyí àtijọ́ ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà nìkan, torí orúkọ kan náà lè ní oríṣi páìpù méjì: èyí tó wà fún ẹni tó ní GPU NVIDIA, àti èyí tí kò gùn dé ibẹ̀.